Lẹ́tà Tí Mi Ò Ṣí

Kí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tó dé Maiduguri, àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo àwa Yorùbá tó wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa ń lò ní póòsì ọ́fíìsì. Ọwọ́ bàbá mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé, torí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Baga Road tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, àti torí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó máa sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn káàkiri. Bó bá ti kó àwọn lẹ́tà náà dé, á tò wọ́n sínú agolo bisikíìtì ńlá kan tó wà lórí káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo tánganran tó ń tà. Ẹni tó bá ń retí lẹ́tà á wọlé, á kí bàbá mi, á tọwọ́ bọ agolo, á wá tirẹ̀ jáde. Sójà ń wá, ọlọ́pàá ń wá, àwọn alájì tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi náà ń wá.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí agolo náà: lẹ́tà tí orúkọ rẹ kò bá sí lára rẹ̀, o kò gbọdọ̀ já a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo já ọ̀kan wò, torí pé sítáǹbù ara rẹ̀ wù mí. Ìgbátí tí bàbá mi fún mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé náà padà, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sínú bárékè láti lọ bẹ ẹni tó ni ín. Sójà náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ilé wa ní Gomari ni mo ti ń lọ sí yunifásítì. Ní ọdún kejì mi, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa lọ sí iyàrá kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́, àwa sì lé ní ọgọ́rin. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí, nítorí eruku. Ọ̀gá tó ń mójú tó iyàrá náà fi aṣọ funfun bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bó bá sì fẹ́ ká aṣọ náà kúrò, á kọ́kọ́ nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo ìlú, wọ́n lè ti iyàrá náà pa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. A máa ń kọ orúkọ sínú ìwé kan kó tó kàn wá, ààbọ̀ wákàtí fún ẹni mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Àwọn méjì tó bá mi pín ìjókòó ń bẹ̀rù pé àwọn á ba nǹkan jẹ́. Èmi ò bẹ̀rù nǹkan kan láyé nígbà náà, nítorí náà ààbọ̀ wákàtí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di tèmi nìkan. Kí ọdún náà tó parí, mo ti ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan ṣí káfè síwájú géètì yunifásítì, ó gbé àwo ńlá kan sórí òrùlé, ó kọ ojú rẹ̀ sí sánmà. Ọ̀rọ̀ í-méèlì gba ìlú kan. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn àgbà ní kí n wá ṣàlàyé ohun tó jẹ́. Mo ní lẹ́tà ni, àmọ́ kò nílò sítáǹbù, bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ó ti dé. Mo ní ọ̀fẹ́ ni àpótí rẹ̀, kálukú lè ní tirẹ̀.

Alàgbà kan bi mí pé, “Bí kálukú bá ní tirẹ̀, ta ni yóò máa lọ wo gbogbo ẹ̀?”

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì káàkiri ilé. Wọ́n ní kí n ṣí ẹyọ kan fún gbogbo wa, bíi ti póòsì ọ́fíìsì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa gbé ilé wa. Ó bọ́gbọ́n mu lójú gbogbo wa, títí kan èmi tó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi tilẹ̀ fẹ́ kọ páswọ́ọ̀dù náà sí ìdérí agolo kó má baà sọnù. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé bá ní lọ́wọ́, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe di pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí káfè nìyẹn. Màá ṣí àpótí náà, màá tẹ lẹ́tà oníkálukú jáde sórí bébà, màá ká a sí méjì, màá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sẹ́yìn rẹ̀, màá sì kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi bi mí pé báwo ni mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n jáde tí mi ò fi kà wọ́n. Mo ní ojú mi kì í dé ibẹ̀. Ó wò mí títí. Irọ́ ni mo pa fún un. Mò ń kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo mọ ẹni tí ìyàwó ń bínú sí láti ilé, mo sì ń kí gbogbo wọn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nínú gbogbo àwọn tó ń tọwọ́ bọ agolo yẹn, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Àǹtí Tíṣà. Ọmọ Èkìtì ni, sójà ni ọkọ rẹ̀, inú bárékè ni wọ́n ń gbé, ó sì ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ àròkọ nígbà tí mò ń múra ìdánwò àṣewọlé, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ọdún kan gbáko, kò sì fìgbà kan bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń pariwo. Ọkùnrin náà á dúró láàárín ènìyàn, á ní iṣẹ́ tíṣà kì í ṣe iṣẹ́, á ní kí ni ìyàwó òun mọ̀ ju kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A B D. Àǹtí Tíṣà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan lórí bẹ́ǹṣì yẹn pé òun fẹ́ kàwé sí i kí òun tó kú, ibi yòówù kó jẹ́, kí òun lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọkọ òun ń sọ tàbí irọ́.

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí káfè lẹ́ẹ̀kan. Kò bèèrè í-méèlì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kíbọ́ọ̀dù yẹn. Ó mú ìwé jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ya gbogbo lẹ́tà ibẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, kò fo ẹyọ kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n wá wo nǹkan níléèwé òun.

Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń kun ilẹ̀kùn bárékè ló tọrọ. Ó fi ya kíbọ́ọ̀dù sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kíláàsì rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ pátákó ìkọ̀wé, ó lé ní ọgọ́ta. Kò sí iná níléèwé náà, kò sí kọ̀ǹpútà, fèrèsé méjì kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ náà jókòó sílẹ̀, kálukú níwájú tirẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ sìmẹ́ǹtì. Bí ọ̀dà bá parẹ́ lára lẹ́tà kan, ẹni tó ni ín á nawọ́ sókè, á ké ní Hausa pé ti òun ti parẹ́, “Malama, nawa ya goge!” Àǹtí Tíṣà á gbé agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, á lọ tún ti ọmọ náà yà fún un.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín gan-an. Àmọ́ ó kó mẹ́fà nínú wọn wá sí káfè ní Sátidé kan, ọmọbìnrin kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀, ó gbójú sókè wo àjà, ó sì tẹ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ iléèwé wọn láìṣe àṣìṣe kan. Oníkáfè fò dìde. “Kai! A ina ta koyo?” Ó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ náà ti kọ́ ọ. Àǹtí Tíṣà ní orí ilẹ̀ ni. Ọkùnrin náà rò pé ó ń bá òun ṣàwàdà.

Èmi ni mo rí ìkéde náà. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, torí pé ó wà lára ohun tó ń dùn mí. Iléèwé gíga kan nílẹ̀ òkèèrè ń wá àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Áfíríkà, kí wọ́n wá fi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọdé. Àwọn ni yóò gbọ́ gbogbo bùkátà. Ayọ̀ ni mo fi sáré lọ sí bárékè lọ́jọ́ náà, mi ò dúró gun àṣàbà, ọ̀kadà ibẹ̀. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta la fi kọ ìwé ìbéèrè fún àyè náà, ó ń sọ, mo ń tẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti ilẹ̀, ó fẹ́ fò ó, ojú ń tì í. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ. A kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lọ láti àpótí ẹgbẹ́ wa.

Lẹ́tà kan dé lẹ́yìn oṣù kan. Mo ṣí i, mo kà á, bí mo ṣe ń ka ti gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè kan ni wọ́n ní: ṣé iná wà níléèwé náà, ṣé kọ̀ǹpútà kankan wà níbẹ̀? Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìjókòó, ahọ́n mi sì ń yún mi.

Mo ní, “Ẹ gbọ́ o, àwọn òyìnbó ń bi Àǹtí Tíṣà bóyá iná wà níléèwé ẹ̀! Ẹni tó ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe kọ̀ǹpútà!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sójà kan wà láàárín wọn tí òun àti ọkọ Àǹtí Tíṣà jọ wà ní ẹgbẹ́ ogun kan náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì ti jẹ́ kó bọ́. Kó tó di Mọ́ńdè, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Kọ̀ǹpútà Aláìníná. Ọkọ rẹ̀ ní ṣé ẹ ti rí i báyìí, òun ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ní Sátidé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò tọwọ́ bọ agolo. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà.

“Ta ló ní kí o já lẹ́tà mi?”

Mo ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, bí mi ò bá ṣí i, kò ṣeé tẹ̀ jáde.”

“Ìyẹn ni mo bi ẹ́? Ṣíṣí lo ṣí i. Kíkà ńkọ́? Kí o tún wá dúró níbí kí o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fáwọn ọkùnrin?” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ìyẹn ló burú jù nínú ẹ̀. “Mo ṣe bí ọmọ mi ni ẹ́.”

Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bàbá mi dá sí i, ó ní òun ti kọ́ mi láti kékeré, ó ní mo dójú ti òun. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma. Orúnkún mi ló ń bẹ̀bẹ̀, inú ń bí mi. Mo ń rò ó pé ta ló rí ìkéde yẹn fún un? Ta ló fi Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta tẹ ìwé rẹ̀?

Ó ní kí n dìde, kí a lọ fèsì. A lọ sí káfè. Ó ní kí n kọ pé kò sí iná, kò sí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ń tẹ̀wé. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Kó tó jáde, ó ní, “Láti òní lọ, bí lẹ́tà mi bá dé, má ṣí i. Pè mí, màá wá ṣí i fúnra mi.”

Mo ní ó dáa, ma.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà náà dé. Mo ṣí àpótí ní Ọjọ́bọ̀, mo rí i láàárín àwọn yòókù, àkọlé rẹ̀ dúdú kirikiri lójú kọ̀ǹpútà, bí ti lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ṣe máa ń dúdú. Orúkọ iléèwé náà wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ìwé ìbéèrè yín ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, màá mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi kì í já lẹ́tà onílẹ́tà.

Ó ní kí n pe òun. Bárékè kò jìnnà sí káfè, aláṣàbà kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà káfè, mo wo ọ̀nà ibẹ̀, mo sì gba ọ̀nà ilé. Mo ní jẹ́ kó wá bi mí, kó wá fi ẹnu dídùn bi mí bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ní ó mọ̀ pé èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti fi tọrọ àánú; àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti di ìyàwó ilé, tó ti ní ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, kò ṣe irú ẹ̀.

Ní Sátidé ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wà lẹ́yìn, mò ń nu eruku lára àwo. Ó kí bàbá mi, ó tọwọ́ bọ agolo, ó ń yẹ àwọn bébà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ̀ wọ́n wò tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ibẹ̀ ló ti ń rí lẹ́tà rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ibẹ̀ náà ló wá wò. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Báwo ni ìwé?”

“Ó ń lọ, ma.”

Ó tún wo agolo náà. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bèèrè. Ó ti bá mi wí lójú ènìyàn, ó ní kí n pe òun, mi ò sì pè é. Ó gbà pé lẹ́tà náà kò tíì dé ni. Èmi náà dúró kó bèèrè. Ó ní kí n kí ìyá mi, ó lọ.

Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó tọwọ́ bọ agolo, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kí wa, ó lọ. Bàbá mi sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Obìnrin yìí ń retí nǹkan o. O ò tíì rí nǹkan kan fún un?” Mo ní wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan lẹ́tà àwọn. Bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rò pé mo ti gbọ́n ni.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, mi ò lọ sí káfè fún Ọjọ́bọ̀ méjì. Nígbà tí mo padà débẹ̀, lẹ́tà náà ṣì wà níbi tó wà, ó ṣì dúdú. Ìbínú mi ti tán nígbà náà, mi ò tilẹ̀ rántí ìgbà tó tán. Mo ní kí n kúkú ṣí i kí n mú un lọ bá a, kí ìjà náà parí síbẹ̀. Mo ṣí i.

Wọ́n gbà á. Wọ́n ní inú àwọn dùn láti sọ fún un pé àwọn ti yàn án. Wọ́n ní àwọn tó ka ìwé rẹ̀ sọ pé àwọn kò tíì rí tíṣà tó fi nǹkan tí kò tó nǹkan kọ́ ọmọ tó báyìí. Wọ́n ní kó fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yóò fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Mo ka ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà náà, mo fi ìka ka á lórí tábìlì káfè. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn lójú ẹsẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Mo ní ara mi kò yá ni. Mo ń ṣe àṣìṣe bí ẹni tó ń tẹ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n ní àyè náà ti di ti ẹlòmíràn, ọdún yẹn náà sì ni ètò náà parí sí. Mo pa lẹ́tà méjèèjì rẹ́ kúrò nínú àpótí. Àmọ́ èyí àkọ́kọ́, mo ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó pa á rẹ́.

Sátidé yẹn ló wá bèèrè. Ó jọ pé ó ti gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè ṣe é. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi, wọ́n ti kọ̀wé?”

Mo ní, “Wọn ò tíì kọ nǹkan kan, ma.”

“Kankan?”

“Kankan.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ó yé mi. Mo ti mọ̀. Ta ni èmi náà?” Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní kí n má bínú sí ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí mi lọ́jọ́sí, pé ara ló kan òun. Òun ló ń bẹ̀ mí. Mo dúró síbẹ̀, mo gba ẹ̀bẹ̀ náà.

Ó tún bèèrè lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà kò bèèrè mọ́. Nígbà tí tọ́ọ̀mù tuntun bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ pé kò kun ilẹ̀ kíláàsì rẹ̀ mọ́, ó ní eré ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí gúúsù, wọ́n kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ sójà, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń bá wọn di ẹrù. Mo ní màá sọ fún un kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọkọ̀ gbéra.

Èmi ni mo wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn tíṣà ní kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn títí dòní, láti ìgbà tí Maiduguri ti dàrú tí a sì ti kó padà wá sí Ìlọrin, ìlú bàbá mi. Wọ́n máa ń yìn mí pé mo ní sùúrù fún àwọn àgbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí máòsì. Bí wọ́n bá ń yìn mí, mi kì í mọ ibi tí màá gbójú sí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ogún ọdún tèmi pé, ó kọjá, òtítọ́ kò lé nǹkan kan bá. Èmi ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkìtì.

Mo bá a lábẹ́ ìbòrí iwájú ilé rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, ọkọ rẹ̀ ti kú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń pariwo, ẹni tí kì í pariwo. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún, àtẹ̀jíṣẹ́ ni, ó sì na fóònù sí ọmọ náà pé kó bá òun fèsì.

“Ìwọ ni kí o máa ṣe é o,” ó sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan, o rántí? Orí mi ò gbé e. Àwọn òyìnbó yẹn ò tiẹ̀ ka ìwé mi kún débi tí wọ́n á fi dá mi lóhùn.”

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó, mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé títí dé ọjọ́ tí mo pa á rẹ́. Mi ò fi ìdánwò kẹ́wọ́, mi ò sì ní òun ló ní kí n má ṣí i. Mo ní ìgbéraga ni. Mo ní mo purọ́ fún un.

Ó fara sún mọ́ mi. Mo rò pé kò gbọ́ dáadáa.

“Wọ́n gbà mí?”

“Wọ́n gbà yín, ma.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ni, ma.”

“Kí ni wọ́n kọ? Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jábọ́ níbẹ̀ láti ogún ọdún. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní àwọn kò tíì rí irú tíṣà bẹ́ẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, “O gbọ́? O gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ nípa ìyá ẹ àgbà?” Ọmọ náà ní òun gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ yé.

Lẹ́yìn náà ló wá wojú mi. “Títí ọkọ mi fi kú ló ń sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan kan. Mi ò fìgbà kan dá a lóhùn. Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ.”

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma. Nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í kúnlẹ̀ pẹ́ kí àgbà tó ní kó dìde, pàápàá àgbà tó fẹ́ràn ẹni. Orúnkún ń ro mí lórí sìmẹ́ǹtì yẹn, mo sì ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà. Àǹtí Tíṣà di ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú ọ̀nà, kò ní kí n dìde.